Ẹni Tí Yóò Pẹ́ Ju Ẹnìkejì Lọ

Ní àdúgbò Joju ní Ṣàngó, bí àlejò bá béèrè ilé Adérógbà, ìbéèrè ni wọ́n fi ń dá a lóhùn: "Ṣé Adérógbà tó ń dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Ọkùnrin gíga kan ni, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń sún mọ́ àádọ́ta, tí irun iwájú rẹ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ayé òde òní ti sọ ìkíni di ohun tí a ń fi ìka ṣe. Àwọn ọkùnrin mìíràn á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ kan sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́, wọ́n á ní àwọn ti kí àgbà. Adérógbà kò mọ irú rẹ̀. Bó bá ti rí àgbà, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ì báà ṣe orí yanrìn, ì báà ṣe orí títì ọlọ́dà. Fúnkẹ́mi ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ tó bá ti ibẹ̀ dọ̀tí, ti sọ ọ́ títí ó fi sú u.

"Bàbá Bùkúnmi, ṣé ẹ ò lè wo ilẹ̀ kí ẹ tó kí èèyàn ni?"

"Ilẹ̀ kọ́ ni mò ń kí," ni èsì rẹ̀ máa ń jẹ́.

Ìwà náà ní orísun. Nígbà tí Adérógbà kọ́kọ́ dé Ṣàngó, ilé-iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò ló gbà á síṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ abọ́ ló ti pàdé Hafeez, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ẹlẹ́nu dídùn, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń dúró tì. Hafeez á gbé irin ẹ̀rọ sókè, Adérógbà á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á yọ abọ́ gbígbóná jáde, Hafeez á tún gbé irin náà sọ̀ kalẹ̀. Bí ọwọ́ Hafeez bá yára ju bó ti yẹ lọ lẹ́ẹ̀kan péré, ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni irin náà yóò tẹ̀ bí ẹni tẹ abọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìka Adérógbà sì pé. Ta ló ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e?

Nígbà tí ó fẹ́ fẹ́ Fúnkẹ́mi, ọmọ Ìjù, Hafeez yìí kan náà ló bá a rìn. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, tó bí Fúnkẹ́mi, jẹ́ àgbẹ̀ láàárín àwọn Àwórì tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ní ògiri. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wí lẹ́ẹ̀kan pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí òun kò mọ ojúlé baba rẹ̀, ó sì ti dákẹ́ lórí rẹ̀. Hafeez lọ, ó bọ̀, ó bẹ̀, ó pa á lẹ́rìn-ín, títí bàbá náà fi ní kí wọ́n wá ṣe ìdána.

Lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò síwájú àwọn òbí ìyàwó, wọ́n sì jọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága ìjókòó ní òun kò rí i dáadáa, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Láti ilẹ̀ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lọ́rọ̀, Adérógbà la ẹnu.

"Bàbá, ẹ fún mi lọ́mọ yín. Níbikíbi tí ojú mi bá ti rí yín láyé yìí, àyà mi yóò kan ilẹ̀. Bí mo bá kùnà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ wá mú ọmọ yín lọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ lé orí àna rẹ̀ ọ̀la, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Hafeez, tó dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sún ẹnu mọ́ ọn létí. "Ọ̀rẹ́, o ti ta ara rẹ. Bàbá yìí kì í gbàgbé." Wọ́n fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín fún ọdún púpọ̀. Kò sì sí ọjọ́ tí Adérógbà rí bàbá náà tí kò mú ìlérí náà ṣẹ, ì báà ṣe nínú oko ẹ̀gẹ́, ì báà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, gbogbo àgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ oníke náà kógbá sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì di awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárín Joju àti Toll Gate, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wà. Nígbà tó ṣe, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ tí Adérógbà ń wà tà á. Ó bá ń ṣe lébìrà níbi tó bá ti rí i, Fúnkẹ́mi ń fi òwò ọṣẹ rẹ̀ gbé ilé ró. Ohun kan ṣoṣo ni Adérógbà ń fẹ́ nígbà náà: kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ kéde ìdíje ní gbangba nítòsí Ṣàngó Toll Gate. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá tuntun sí àárín pápá, ó pọ́n bí ẹyin iná. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ta aṣọ fífẹ̀ kan sí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀, ó tóbi ju kẹ̀kẹ́ náà lọ: OUTLAST. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara kẹ̀kẹ́ náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kúrò lára rẹ̀ ti jáde, àyàfi nígbà tí wọ́n bá fọn fèrè ìsinmi. Ẹni tó bá kù gbẹ̀yìn ló ni kẹ̀kẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dásọ́lá ló di máíkì mú. Ohùn rẹ̀ dé Ọ̀tà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ bá mi pè é! Outlast! Kí ló túmọ̀ sí?"

"Kí nǹkan pẹ́!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Ó kù díẹ̀! Bí bátìrì bá pẹ́, last nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ti aládùúgbò rẹ bá ti kú, tí tìrẹ ṣì ń gbé ọkọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ outlast. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí o pẹ́ jù!"

Ìyá Sàfúrátù, tó ń ta omi inú ọ̀rá létí pápá, gbé ike omi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ yín burú o! Àwa ń gbàdúrà pé ká pẹ́. A kì í gbàdúrà pé ká pẹ́ ju lágbájá lọ."

"Ìyá, bátìrì la ní ká tà, kì í ṣe àdúrà!"

"Ọkọ mi ti kú, èmi rèé. Ṣé mo ti outlast rẹ̀ nìyẹn?"

"Bó bá ṣe ti èèyàn, outlive ni wọ́n sábà máa ń sọ, Ìyá."

"Ẹ gbé e sọ́hùn-ún! Ẹni tó kẹ́yìn ọkọ, wọn kì í fún un ní kẹ̀kẹ́." Pápá bú sẹ́rìn-ín. Adérógbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà kù sí i létí. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí o pẹ́ jù.

Hafeez ló mú àbá wá. "Rógbà, jẹ́ kí àwa méjèèjì wọlé. Ẹni yòówù kó kù nínú wa, àwa méjèèjì la ni kẹ̀kẹ́. Ìwọ á wà á láàárọ̀, èmi á gbà á ní ọ̀sán. Bó bá ku èmi pẹ̀lú rẹ, ìjà ti parí nìyẹn. Ẹnìkan á kàn gbọ́wọ́ kúrò."

"Ìwọ lo sọ ọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé.

Àwọn tó gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì lé ní mẹ́wàá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde ṣe é fi ṣe àpárá. Tanpẹ́pẹ́ gun ẹsẹ̀ ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ara rẹ̀ là. Òmíràn gbọ́ nínú rédíò pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òun ti gbá a wọlé, ó fò sókè, kí ó tó bọ́ sílẹ̀ ó ti di èrò ìwòran. Oòrùn mú àwọn kan, oorun mú àwọn kan. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi pọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì nìkan ló kù, Adérógbà lápá òsì, Hafeez lápá ọ̀tún.

Ẹsẹ̀ Adérógbà ti wú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, níbi tí ọ̀dà ti dì díẹ̀ bí hóró ìrẹsì lábẹ́ ìka rẹ̀ àárín. Hóró náà ló ń fi ìka yí títí, òun ló fi ń bá oorun jà. Ó ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àpá ara ọmọ rẹ̀.

"Hafeez," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ó ti parí. Ta ni kó gbọ́wọ́?"

"Sùúrù, ọ̀rẹ́. Bí a bá gbọ́wọ́ kíákíá báyìí, wọ́n á ní a ti gbìmọ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fagi lé e. Jẹ́ kí wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n fọn fèrè. Adérógbà mu omi. Ó rí Hafeez lẹ́yìn táńkì omi, tó gbé fóònù sétí, tó sì kọ ẹ̀yìn sí èrò.

"Ta lò ń pè?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n ní ká kú ìfaradà."

Wọ́n padà, wọ́n gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ rárá, ọ̀kadà kan sáré wọ pápá, ó ń ru eruku. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ló sọ̀ kalẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà ní òdì, amọ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pín èrò sí méjì.

"Ọkọ ọmọ mi dà? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ń mí?"

Adérógbà rí i. Ara rẹ̀ ti fẹ́ lọ sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó dá a dúró. Ó tẹ orúnkún, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ kan kan ilẹ̀, èkejì ṣì lẹ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Ìkíni àwọn ọmọ ìsinsìnyí rèé. Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi nínú gbogbo pápá náà. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú èémí tó ń já, Adérógbà sì gbọ́ ohùn ọjọ́ náà: Mo ti gbọ́.

Ó wo apá ọ̀tún. Hafeez ń wo ilẹ̀.

Kí tiẹ̀ ni òun ń bẹ̀rù? Àwọn méjèèjì ló ṣáà ni kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ òun bá kúrò, Hafeez gbà á, ó parí. Adérógbà mí kanlẹ̀, ó gbọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku Toll Gate.

"Ó ti gbọ́wọ́!" Ohùn Dásọ́lá bẹ́. "Adérógbà ti gbọ́wọ́! Hafeez ló pẹ́ jù ú!"

Láti ilẹ̀, Adérógbà ń rẹ́rìn-ín. "Hafeez! A ti jẹ ẹ́!" Hafeez ti wà lórí ìjókòó awakọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀, ó di apá àna rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri bí ẹni yẹ iṣu wò. "O kò dákú?"

"Rárá o, Bàbá. Ta ló ní mo dákú?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ó pè mí lóko. Ó ní o ti ṣubú, pé ẹ̀mí rẹ ń lọ, kí n sáré wá fojú kàn ọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Adérógbà. Ó jókòó sínú eruku, ó ń rò ó. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn jọ ni kẹ̀kẹ́ kò nílò ju kó wí pé, "Rógbà, gbọ́wọ́." Òun ì bá gbọ́wọ́. Kí ló wá dé tí Hafeez fi lọ fa àgbàlagbà tu lóko? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá ní kí ọ̀rẹ́ òun gbọ́wọ́ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́wọ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Síbẹ̀, kò fẹ́ gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Hafeez nílé rẹ̀ ní Ọ̀tà. Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ayàwòrán kan ń kọ nǹkan sí i lára.

"Mo wá ká jọ pín àkókò wa," ni Adérógbà wí. "Ìwọ lo ní kí n máa wà á láàárọ̀."

Hafeez kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé. "Rógbà, ṣé mo ní kó o gbọ́wọ́ ni?"

"O pe Bàbá."

"Mo pè wọ́n. Àna rẹ ni wọ́n. Ṣé mo ní kó o dọ̀bálẹ̀? Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ ṣèlérí, ìwọ náà lo fi àyà ara rẹ san án."

"A jọ fẹnu kò, Hafeez."

"Níbo ni 'a jọ' wà nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ọmọbìnrin yẹn ṣàlàyé rẹ̀ létí gbogbo wa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ẹni téèyàn máa pẹ́ jù. Àwọn yòókù ti lọ. Ta lo rò pé ó kù?" Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ọmọ mi pọ̀, Rógbà. Ààbọ̀ kẹ̀kẹ́ ò lè bọ́ wọn."

Adérógbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ki ọwọ́ yìí bọ inú ẹ̀rọ, tí irin wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé irú èyí ti wà lọ́kàn rẹ?"

Hafeez ń fi ọwọ́ nu eruku kúrò lára iná kẹ̀kẹ́ náà. Ayàwòrán náà kò gbójú sókè. Adérógbà yí padà, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Fúnkẹ́mi, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Hafeez? Hafeez tó bẹ bàbá mi nítorí yín?"

"Òun náà ni."

"Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn," ni Fúnkẹ́mi wí, kò sì parí òwe náà. Ó mú aṣọ eléruku ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó rì í bọmi, ó sì fọ̀ ọ́ láìráhùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Adérógbà lọ kí àna rẹ̀ ní Ìjù. Kí ó tó tẹ̀ síwájú, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Má dọ̀bálẹ̀. Mo ti tú ọ sílẹ̀ lónìí. Ìlérí tí ọ̀tá lè fi mú èèyàn kì í ṣe ìlérí mọ́. Ọmọ mi ti di tìrẹ, n kò ní gbà á padà. Máa nàró kí mi bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Adérógbà dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Bí mo bá nàró kí yín, Hafeez ti gba ìyẹn náà lọ nìyẹn."

Àgbàlagbà náà wò ó títí. "Mo ti gbọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ìdána.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ń lọ sí Ọ̀tà lọ́jọ́ náà, Adérógbà sì sìn ín dé oríta. Oòrùn mú ganrínganrín. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó dúró fún wọn pọ́n bí ẹyin iná. Hafeez ló ń wà á. Obìnrin kan tó gbé garawa epo lé itan jókòó sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ wọlé. N kò ní gbowó lọ́wọ́ yín."

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó ń wo òdìkejì ọ̀nà bí ẹni tí nǹkan kan kò dúró síwájú rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Hafeez. Oòrùn yìí le fún yín."

Bàbá náà kò yí ojú padà. Hafeez wo Adérógbà, Adérógbà kò ràn án lọ́wọ́. Hafeez pa ẹ́ńjìnnì, ó ń dúró. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá náà, ì báà ṣe èébú. Òógùn ń ṣàn lójú àgbàlagbà náà, ọ̀pá kò mì.

"Awakọ̀, ṣé ibi tá a ti máa jẹun alẹ́ rèé?" ni obìnrin elépo ké. "Bàbá ò fẹ́ wọ̀ ọ́! Ṣé tipátipá ni?"

"Ẹ ní sùúrù, mà."

"Sùúrù wo? Ṣé nítorí pé o kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́ ni? Wà á, tàbí kí n sọ̀ kalẹ̀!"

Hafeez dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ta ẹ́ńjìnnì, ó sì lọ láìwo ẹ̀yìn.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ nu ojú rẹ̀. "Mo pẹ́ jù ú," ló wí, ẹ̀rín kékeré kan sì yọ létí ẹnu rẹ̀.

Adérógbà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ojú rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi ń yí kọ́nà. Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, lápá òsì, ni ayàwòrán náà ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: SÙÚRÙ LÉRÈ. Ibẹ̀ gan-an ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Hóró ọ̀dà rẹ̀ ti wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn. Kẹ̀kẹ́ náà wọ kọ́nà, Adérógbà sì rí i pé ìka òun ṣì ń yí nǹkan kan lófìfo.